Ọjọ́ Tí Wọ́n Ní Kí N Gbé Terwold

Aago mẹ́fà òwúrọ̀ ni mo ti gbé ẹ̀rọ agbẹ́rù mi
dúró sí gbàgede Wissendam.
Òjò wínníwínní, afẹ́fẹ́ òkun ń gé ni létí.
Ìgbìmọ̀ ìlú ti dìbò: mẹ́sàn-án sí mẹ́jọ.
Mẹ́sàn-án ní kí Ọ̀gá-ọkọ̀ Terwold sọ̀ kalẹ̀,
mẹ́jọ ní kó dúró.
Èmi Wiebren, n ò dìbò. Okùn irin ni tèmi.

Ọkùnrin yìí ló kọ́ odi omi fún wa. Irọ́ kọ́.
Ọdún tí òkun ya wọ abúlé mẹ́ta,
tó gbé màlúù, tó gbé pẹpẹ ìjọ lọ,
Wissendam sùn, ẹsẹ̀ rẹ̀ gbẹ.
Bàbá bàbá mi sùn níbẹ̀.
Owó tó fi kọ́ ọ ńkọ́?
Ó wà nínú ìwé tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ:
orí igba ó lé mẹ́rìnlá la kó,
orí mọ́kàndínláàádọ́jọ ló gúnlẹ̀.
Ìlà rẹ̀ tọ́ gbọnrangandan,
bí ẹni ń ka àgbá ẹja.

Alápatà ní: ta ní í bú ẹni tó bo ilé rẹ̀?
Olùkọ́ ní: bí a bá gbé e, kí la ó fi han àwọn ọmọ?
Ọmọ kan lórí kẹ̀kẹ́ ní:
bí ẹ bá gbé e, níbo la ó ti máa pàdé?

Ìgbà náà ni Norine Woldter dé,
àga kíká lábẹ́ abíyá, fúláàsì kọfí lọ́wọ́.
Gbogbo wa yà fún un.
Ṣé ẹ gbọ́ orúkọ rẹ̀? Ẹ tún un pè.
Ter-wold. Wold-ter.
Lọ́jọ́ tí wọ́n tú ìyá ńlá rẹ̀ sílẹ̀
lóko ìrèké àwọn Terwold ní Sùrìnámù,
akọ̀wé kan ní kò yẹ kí ẹrú jẹ́ orúkọ ọ̀gá,
ó bá yí i sódì bí ẹni yí ẹ̀wù,
ojú rírán níta, ó ní kó máa wọ̀ ọ́ lọ.
Ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ.
Ilé ta ni akọ̀wé yẹn wò?

Ó jókòó sídìí òkúta, lẹ́yìn ọkùnrin náà.
"Ọdún mọ́kànlá," ó ní, "gbogbo Ọjọ́bọ̀,
ibí ni mo ti ń jẹ búrẹ́dì mi.
Ẹ̀yìn rẹ̀ gbòòrò. Ó ń gba atẹ́gùn fún mi.
Nínú gbogbo gbèsè tó jẹ wá,
ìyẹn nìkan ló ń san."
Mo rẹ́rìn-ín. Kò rẹ́rìn-ín.
"Wiebren, ẹ̀rọ rẹ á gbé e kúrò lórí òkúta.
Èwo ni yóò gbé e kúrò lórí mi?"

Mo ní: "Ṣé kí n má gbé e ni?"
"Ta ló ní kí o má gbé e?
Jẹ́ kí n jẹ búrẹ́dì mi tán ná."

A dúró. Ìlú dúró, olórí ìlú ń wo aago.
Obìnrin kan ń jẹ búrẹ́dì.

Nígbà tó gbọn èérún kúrò láṣọ, mo fa ọwọ́ ẹ̀rọ.
Mo ti rò ó pé yóò wúwo. Kò wúwo.
Idẹ lásán, inú ṣófo,
ìtẹ́ ẹyẹ níbi tí ọkàn ìbá wà.
Ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ kọ̀ jálẹ̀; ó ya, ó kù sórí òkúta
tòun ti bàtà.

Àwọn kan pàtẹ́wọ́. Alápatà ti ilẹ̀kùn rẹ̀.
Àwọn ẹyẹ òkun ń yí po, wọ́n ń wá orí tí wọ́n ń bà lé.
Lẹ́yìn ilé, odi omi dúró, òkun ń lù ú,
mo sì mọ̀ pé lálẹ́ yìí n óò sùn, ẹsẹ̀ mi á gbẹ.

Mo sọ̀ kalẹ̀, mo bi í: "Ìyá, ṣé ara tù yín?"
Ó fa kóòtù mọ́ra, ó wo àyè òfìfo náà,
atẹ́gùn ń fẹ́ irun rẹ̀ káàkiri.
"Òtútù ń mú mi," ó ní,
ó ká àga rẹ̀, ó ń wá ibi tí yóò gbé e sí.